Ìró àti Bùbá, Gáùn tàbí Ṣòkòtò: Èwo Ló Yẹ Obìnrin fún Odindi Ọjọ́ Kan ní Walt Disney World?

Ìyá mi fi ìró ta ọjà ní Dùgbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má wọ ìró lọ sí Walt Disney World, ibi ìgbafẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìrìn wo ni wọ́n ń rìn níbẹ̀ tí n kò tíì fi ìró rìn rí?"

Wọ́n jàre lórí ìrìn. Wọ́n rìn láti àárọ̀ dalẹ́, ìró ò tú lẹ́ẹ̀kan. Ìjókòó ló dá wa dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní Animal Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ibẹ̀, lẹ́yìn tí a ti tò sórí ìlà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ó kàn wá láti gun Flight of Passage, ọ̀kan nínú àwọn ráìdì, ìyẹn àwọn ohun ìgùn tí wọ́n fi ń gbafẹ́ níbẹ̀. Ìjókòó ibẹ̀ dà bíi ti ọ̀kadà. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ kan sọdá, á la itan, á fi àyà ti iwájú, ohun ìdè á wá jáde láti ẹ̀yìn, á fún ẹ̀yìn ìdí àti ẹsẹ̀ ẹni mọ́ra. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀, ìró ò gbà. Wọ́n ká a sókè dé orúnkún, wọ́n rí i pé ọkùnrin kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n máa gùn ún, pé àwọn á dúró dè mí níta.

Mo gùn ún, ṣùgbọ́n n kò gbádùn rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Atlanta, ó sì dùn mí pé aṣọ ló já ìyá mi kulẹ̀, níṣojú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú aránṣọ wo ohun tí àwọn obìnrin ń wọ̀ níbẹ̀. A ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí. Ohun tí mo rí ni pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ańkárá, kì í sì í ṣe ti jíńsì. Bí wọ́n ṣe gé aṣọ, ibi tó dé lára ẹni, àti ohun tí ẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bí ọjọ́ yẹn á ṣe rí. Kò sídìí tí obìnrin Yorùbá fi gbọ́dọ̀ gbé aṣọ rẹ̀ jù sílé kó tó lè gbafẹ́.

Ọjọ́ tí aṣọ náà fẹ́ bá yín rìn

Walt Disney World wà lẹ́bàá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira ọdún kọkànlá gan-an. Ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Magic Kingdom, EPCOT tí wọ́n ṣí ní 1982, Hollywood Studios tí wọ́n ṣí ní 1989, àti Animal Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1998. Gbogbo ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 25,000 éékà. Ní EPCOT, ọ̀nà tó yí adágún ká, tó gba àárín orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tí wọ́n kọ́ àwòṣe wọn síbẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, ìyẹn yàtọ̀ sí ìrìn àtẹnu ọ̀nà débẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ka ìṣísẹ̀ lè rí 20,000 kó tó wọ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́.

Ní oṣù keje, ooru ọ̀sán máa ń tó 33 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru tó ní ọ̀rinrin, tó ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, irú èyí tí ará Èkó mọ̀ dáadáa. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, òjò ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ojoojúmọ́, òun ti àrá. Bí mànàmáná bá ti sún mọ́ tòsí, wọ́n á dá àwọn ráìdì tó wà ní gbangba dúró, èrò á ya wọ inú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa fẹ́ lu ara tí òjò ti rin gbingbin. Aṣọ kan ṣoṣo tí ẹ wọ̀ láàárọ̀ ló máa gba òógùn, òjò àti òtútù wọ̀nyí.

Òfin tiwọn náà wà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ múra bí ẹ̀dá inú ìtàn wọ ọgbà; àwọn ọmọdé ló ni ìyẹn. Aṣọ tó tú yẹ́ẹ́ tó ń wọ́ nílẹ̀, tó lè gbé èèyàn ṣubú, kò láàyè. Bí ẹ bá wọ aṣọ lé aṣọ, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ti aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn kàn wá ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí bùbù tí kò bá gbálẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò kà á sí bùbù.

Ìró àti bùbá, tàbí bùbù?

Ìró dára ju bí àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun ṣe rò lọ. Atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀. Bí ikùn bá kún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ tú u, ẹ tún un ró. Ìborùn tó bá a rìn kì í ṣe ti ẹwà nìkan: nígbà tí ọmọ mi sùn nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyá mi fa ti èjìká wọn yọ, wọ́n ta á bo kẹ̀kẹ́ náà kí oòrùn má pa ọmọ, wọ́n sì ń tì í lọ. Fún àwọn ráìdì tí èèyàn kàn ń jókòó sí bí ìgbà tó wọ mọ́tò, ìró kò ní wàhálà kankan. Ọkọ̀ ńlá Kilimanjaro Safaris tó ń gbé yín lọ wo erin àti àgùnfọn, ìró á bá a lọ. Seven Dwarfs Mine Train náà ńkọ́, ẹ ká etí ìró mọ́ abẹ́ itan, ó parí.

Ṣùgbọ́n ìró fẹ́ kí itan méjèèjì wà pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ là wọ́n, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Yàtọ̀ sí Flight of Passage, ẹ̀ẹ̀mejì mìíràn ni mo ti rí i: TRON ní Magic Kingdom, tí wọ́n ṣí ní 2023, bí ẹni gun alùpùpù ni wọ́n ń gùn ún (àwọn ọkọ̀ kan ní ìjókòó lásán lẹ́yìn fún ẹni tí kò lè la ẹsẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dé iwájú), àti àwọn ẹṣin tí ń yí po ní Prince Charming Regal Carrousel. Ewu kejì ni omi. Ìró tó bá ti rin wúwo, kókó rẹ̀ á máa yọ̀, ẹ ó wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Bùbù ní tirẹ̀ kò fún èèyàn níbì kankan. Kò sí aṣọ tó tutù tó o nínú ooru yẹn, mo sì gbà pé òun ni aṣọ tó bá obìnrin tó lóyún àti obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú mu jù lọ. Ìṣòro rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní Haunted Mansion, orí ilẹ̀ tó ń sún lọ ni ẹ ó ti wọ inú ọkọ̀. Etí aṣọ tó gùn ju ẹsẹ̀ lọ lè há síbẹ̀, tàbí kí ẹni tó wà lẹ́yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àwọn méjì yìí nìkan ni, bùbù ni mo mú, ṣùgbọ́n kí aránṣọ gé e kúrò nílẹ̀ dé ìdajì ojúgun, kí ó sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì dé orúnkún. Ẹ wọ ṣòkòtò pénpé sábẹ́ rẹ̀. Bùbù tí a gé bẹ́ẹ̀ lè gun ẹṣin.

Ẹni tó bá fẹ́ ró ìró kí ó sì wé gèlè lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kí ó tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó wọ̀ ọ́ lọ jẹun ní Animal Kingdom Lodge. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ijele àwọn ará Igbo, egúngún tó ga ju ilẹ̀kùn lọ fíìfíì, wà ní gbọ̀ngàn ìgbàlejò rẹ̀. Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Àwòrán tí mo yà níbẹ̀, nínú àdìrẹ wọn, ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Gáùn tàbí ṣòkòtò?

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù lọ nìyí tí wọ́n bá ń múra ìrìn àjò náà.

Gáùn tó dé orúnkún, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, yá láti wọ̀, ó sì yá nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ẹ ó mu omi tó pọ̀ (wọ́n ń fúnni lómi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àyáragbà, ẹ ṣáà béèrè), ìlà tọ́lẹ́ẹ̀tì obìnrin á sì gùn. Ibẹ̀ ni mo ti kórìíra aṣọ àbọ̀sórùn tí ṣòkòtò àti òkè rẹ̀ so pọ̀, ìyẹn jọ́ọ̀mpúsúùtì. Ó rẹwà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ láti èjìká wálẹ̀, kí ẹ wà níhòòhò dé ìbàdí nínú yàrá tóóró, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan gbá apá rẹ̀ mú kó má baà kan ilẹ̀ tútù. Bí òjò bá ti pa á, yóò lẹ̀ mọ́ ara, kò ní bọ́. N kò rán an fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé Orlando lòun ń lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí gáùn gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi ni itan. Bí itan ẹni bá ń fara kan ara wọn, bíi tèmi àti ti ọ̀pọ̀ wa, òógùn máa gbẹ síbẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ á kù, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá dà bí pépà tí káfíńtà fi ń họ pákó. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, inú tọ́lẹ́ẹ̀tì ni mo wà tí mò ń fi Vaseline ra itan. Awọ ibẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo, bí ọwọ́ mi bá kàn án, ó ń ta mí dé ọkàn. Mo fi ìrora yẹn rìn títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí gáùn lẹ bá fẹ́, ẹ wọ ṣòkòtò pénpé tó fún mọ́ra tó dé ìdajì itan sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń wọ̀. Yóò gba itan yín là, bí atẹ́gùn bá sì gbé gáùn lórí ráìdì, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa rí.

Ṣòkòtò ni ojútùú ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣòkòtò. Jíńsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú nítorí ó lágbára. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ó dára gan-an. Ní oṣù keje, ó gbóná, bó bá sì rin, ó wúwo bí aṣọ tí a kò tíì fún, kò ní gbẹ títí ẹ ó fi sùn, ojú ìrán rẹ̀ tó nípọn á máa họ itan nínú. Táìtì rọrùn, ó ń fà, ó sì yára gbẹ, ṣùgbọ́n kò gba atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lápò.

Èyí tí mo fi gbogbo ọkàn mi yàn ni ṣòkòtò ańkárá tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó dúró ní ìdajì ojúgun. Àwọn kan ń pè é ní pàlásò tí a gé kúrú. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ọmọ ìyá ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ ni. Bí ẹ bá dúró, síkẹ́ẹ̀tì ló jọ. Bí ẹ bá la ẹsẹ̀, ṣòkòtò ni. Yáàdì méjì sí méjì àbọ̀ ti tó o fún ọ̀pọ̀ obìnrin, nínú yáàdì mẹ́fà ẹ lè rán tiyín àti ti ọmọbìnrin yín.

Ohun tí ẹ ó sọ fún aránṣọ yín rèé. Níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lábẹ́, kí ó fi ege aṣọ kékeré onígun mẹ́rin kan sí i, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ṣòkòtò àwọn baba wa; ege yẹn ni kò ní jẹ́ kí ojú ìrán ya nígbà tí ẹ bá la itan lórí TRON. Kí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ níwájú, kí ó fi rọ́bà sí ẹ̀yìn nìkan, nítorí rọ́bà tó yí ìbàdí ká máa ń fún èèyàn mọ́ra jù bó bá ti jókòó pẹ́. Kí ó pa etí aṣọ inú rẹ̀ dáadáa kó má gún itan. Kí ó wá rán àpò kan sí ẹ̀gbẹ́ itan ọ̀tún, kí àpò náà jìn tó fóònù, kí ó sì ní sípù. Mo ti rí obìnrin tó wólẹ̀ sábẹ́ ìjókòó tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó já bọ́ lápò rẹ̀. Sípù lásán ni ì bá ti gbà á.

Àwọn ìjọ kan wà nílé tí obìnrin wọn kì í wọ ṣòkòtò, àwọn ìyá míì sì wà tí kò wù wọ́n rárá. N kì í bá wọn jiyàn. Síkẹ́ẹ̀tì elége mẹ́fà tó dé ojúgun, tó ń ṣí bí agboòrùn nísàlẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé lábẹ́, lè ṣe gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ yìí. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kó o jọ síwájú kí ẹ tó jókòó lórí alùpùpù náà.

Ańkárá, àdìrẹ, léèsì, tàbí aṣọ tó ń fà?

Léèsì, rárá. Ihò rẹ̀ ń kọ́ mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó, tí ẹ bá fà á, ó ya.

Ańkárá tí wọ́n fi òwú gidi hun ń fa òógùn mu, ó sì ń jẹ́ kí ara mí. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́jà ṣì le bíi páálí. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó rán an, yóò rọ̀, bó bá sì máa sún kì, á ti sún kì ná kó tó di aṣọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ańkárá báyìí kì í ṣe òwú rárá, pólíẹ́sítà ni. Ó máa ń tàn, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ẹ bá fún un mọ́wọ́ tí ẹ tú u sílẹ̀, kò ní rúnjọ. Ìyẹn yára gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru á há sínú rẹ̀, òórùn òógùn kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ti òwú ni kí ẹ mú fún gbogbo ọjọ́, àfi ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé omi lẹ fẹ́ wọ̀.

Omi yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lórí àdìrẹ. Ní Kali River Rapids, inú ọkọ̀ róbótó tó ń gba èèyàn méjìlá ni wọ́n ń kó yín sí, odò á sì máa bì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó máa ń rẹ èèyàn dé abẹ́. Tọ́ọ̀pù funfun ni mo wọ̀, ìyàwó àbúrò mi jókòó tì mí nínú àdìrẹ ẹlú tuntun tó ra ní Abẹ́òkúta. Ìgbì kan gbá wa lápapọ̀, èjìká rẹ̀ fara ti tèmi. Nígbà tí a jáde, àwòrán èjìká rẹ̀ wà lára tọ́ọ̀pù mi, aláwọ̀ ẹlú, tó mọ́ kedere dé orí ìlà tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya. Kò lọ títí dòní. Àdìrẹ kò lẹ́bi. Ẹlú tuntun gbọ́dọ̀ ṣí ni. Ẹ rẹ tiyín sómi tútù nílé, ẹ dà á nù, ẹ tún un rẹ, títí omi á fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ ibikíbi, yóò sì máa rẹwà sí i bó ti ń ṣá lójú oòrùn.

Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ eré ìdárayá, ló dára jù lábẹ́ àti fún ọjọ́ omi. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Typhoon Lagoon, ọgbà omi tiwọn, ẹ wo aṣọ ìwẹ̀ yín dáadáa: èyí tó ní irin, ìdè onírin tàbí bọ́tìnnì onírin kò gbọdọ̀ dé orí àwọn ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lọ sínú omi.

Gèlè, wíìgì, hìjáábù, tàbí irun dídì?

TRON ń sáré tó nǹkan bí 95 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí gèlè tí ẹnì kan wé tó lè dúró de atẹ́gùn yẹn. Kó tó di pé ẹ gùn ún ni wọ́n máa ní kí ẹ kó ẹrù yín sínú kọ́bọ́ọ̀dù onílọ́ọ̀kì tí wọ́n pèsè lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì rí i pé gèlè tí ẹ bá ti ṣí kò ní ṣeé wé padà láìsí dígí. Ohun mìíràn ni pé gèlè ńlá máa ń di ojú àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn yín nígbà tí wọ́n bá ń yin iná aláràbarà sókè lórí ilé olódi Cinderella lálẹ́. Ìwérí ańkárá kékeré tí ẹ so kókó rẹ̀ sí ìpàkọ́ ló dára, àwọn ọmọ á sì lè rí ibi fi etí èkúté Minnie há lé e lórí, nítorí wọ́n máa bẹ̀ yín.

Wíìgì ń fẹ́ sùúrù. Òógùn ń tú gọ́ọ̀mù, èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù sì wà lórí àánú atẹ́gùn. Ráìdì Space Mountain ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí inú òkùnkùn biribiri ni. Ohun tó bá já bọ́ níbẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó gbà. Bí irun dídì bá wà lórí yín, ẹ kó o jọ, ẹ fi rọ́bà dè é sẹ́yìn ọrùn kó má baà máa na ẹni tó jókòó tì yín. Irun dídì ni mo máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí a bá fẹ́ lọ. Òjò kò lè fi í ṣe nǹkan kan.

Fún àwọn arábìnrin tó ń lo hìjáábù: sífọ́ọ̀nù tó nílò pín-ìn-nì mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹwà, ṣùgbọ́n pín-ìn-nì ń yọ bí ọkọ̀ bá já ṣòòròṣò, ó sì lè gún yín lọ́rùn. Èyí tí wọ́n fi aṣọ jésì rán, tí ẹ kàn ń fi orí bọ̀, kì í kúrò lójú kan. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú ọrùn aṣọ yín kí atẹ́gùn má baà gbé e bo ojú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ń mú méjì, ó ń pààrọ̀ lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Bàtà

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Kánfáàsì tí ẹ ti wọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán ló borí, kí ó sì fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, nítorí ẹsẹ̀ ń wú nínú ooru. Bàtà tuntun, bó ti wù kó wọ́n tó, ìléròrò ló ń fi fúnni. Sàǹdá tó ní ìdè lẹ́yìn ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì ju kánfáàsì lọ ní ọjọ́ tí òjò bá pọ̀, torí kánfáàsì tó mu omi kì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì dání. Sílípáàsì kò dára: lórí ráìdì Soarin' tó wà ní EPCOT, ẹsẹ̀ yín á máa mì dirodiro lókè orí àwọn ẹlòmíì, ohun tí kò bá so mọ́ ẹsẹ̀, orí ẹnì kan ló máa bọ́ lé.

Òjò, òtútù, àti aṣọ ẹbí

Láàárín agboòrùn àti aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn ń fi orí bọ̀, aṣọ òjò ni kí ẹ mú. Ó ń bo báàgì yín, ó ń bo ọmọ tí ẹ gbé, kò sì gún ojú ẹnikẹ́ni nínú èrò. Ẹ rà á nílé kí ẹ tó lọ. Ní oṣù kìíní, òwúrọ̀ Orlando lè tutù tó ìwọ̀n 10, ọ̀sán á sì tún móoru, nítorí náà ẹ wọ súwẹ́tà tó ṣeé bọ́ so mọ́ ìbàdí. Nínú ooru gan-an, ẹ mú ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dání nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun kan ló mú inú mi dùn jù ní Magic Kingdom. Ẹ̀yin náà á rí àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyá àgbà, àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, bí ogún, tí gbogbo wọn wọ tíṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé àti ọdún sí. Aṣọ ẹbí ni. Wọn ò mọ orúkọ tí à ń pè é, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó wà fún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra ańkárá kan náà fún gbogbo wa, aláwọ̀ ọsàn, kí n lè rí ọmọ mi láàárín èrò láti ọ̀nà jínjìn. Gbogbo wa kì í rán an bákan náà. Ọkọ mi fi tirẹ̀ ṣe ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkurú, ọmọbìnrin mi fi tirẹ̀ rán gáùn, èmi wọ ṣòkòtò mi tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi tún wá lẹ́yìn ọdún méjì, mo ti tú ọ̀kan nínú àwọn ìró tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gé e, mo fi ege onígun mẹ́rin yẹn sí abẹ́ rẹ̀, mo rán àpò onísípù sí i, mo wá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì wọn láì sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ níwájú dígí, wọ́n dúró gbọin, wọ́n la ẹsẹ̀, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n ní, "Ìró náà ló ṣì jọ." Ní Flight of Passage, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà. Mo gbọ́ tí wọ́n pariwo orúkọ ìyá tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Nígbà tí a jáde sójú oòrùn, wọ́n fọwọ́ kan àpò itan, kọ́kọ́rọ́ ilé wọn tó wà ní Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣí àpótí wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fa ìró aláwọ̀ ewé kan yọ, wọ́n na án sí mi. "Èyí ńkọ́? Ṣé yáàdì rẹ̀ á tó?"